Kọ́kọ́rọ́ Ilẹ̀kùn Ẹ̀gbẹ́

Alága ìjókòó yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní ìlà iwájú, tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí ẹ wá wò bóyá èmi náà á sunkún bí ẹ̀yin ṣe sunkún, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì wa, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀ tí ẹ ń fọ ilé ìwẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ gétì, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ mi, akẹ́kọ̀ọ́ ilé yìí, tí ẹ kún ẹ̀yìn yàrá títí dé ojú fèrèsé, mo rí yín o. Èyí tó sì ti ń jẹ bisikíìtì kí á tó gbàdúrà, mo rí ìwọ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá ẹ̀mí mi sí dòní. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ̀rọ̀. Orúnkún mi ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, kò tilẹ̀ dágbére fún mi.

Ẹ mọ àṣà ilé wa. Ẹni tó bá ń lọ á kó ìdì kọ́kọ́rọ́ lé Alága lọ́wọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí Alága wa tí wọ́n ń kà á lábẹ́ tábìlì, tí wọ́n tún un kà, tí wọ́n wá ń wojú mi. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́, sà. Ó ku ọ̀kan. Ọ̀kan náà rèé lọ́wọ́ mi.

Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ilẹ̀kùn irin tó wà lẹ́yìn ògiri yìí gan-an ni, níbi tí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní Gẹ̀rẹ́ parí sí. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ ń gbà wọlé, torí pé àtẹ̀gùn ló wà níwájú ilé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ọwọ́ ọmọ mi tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́, tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, ni kọ́kọ́rọ́ yìí ń wà. Nígbà tí olè wá kó kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ lóṣù tó kọjá, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé yìí ní kí á máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí á sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Èmi ni wọ́n rán. Mo lọ gbà á. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ á jókòó láti pinnu bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ títí. Mi ò ní sí níbi tábìlì yẹn lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi di kọ́kọ́rọ́ mú. Mo máa fi í sílẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ mi.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi kò tíì ṣubú o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n wẹ̀yìn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kọ́tìnì ni mo wá rán síbí? Aránṣọ ni mí. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní yunifásítì yìí, yàrá méjì ni a ń gbé lẹ́yìn ilé yìí, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì wà lẹ́nu ọ̀nà nítorí kò rí àyè nínú ilé. Ìyá tó ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà pè mí pé kí n wá rán kọ́tìnì sí gbogbo fèrèsé. Kí n tó rán kọ́tìnì òkè tán, ti ìsàlẹ̀ ti ya. Àwọn ọmọ ń fi nu ọwọ́! Bí mo ṣe ń pààrà ilé nìyẹn, tí mo ń bá èyí tó ń sunkún sọ̀rọ̀, tí mo ń bá èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ já gán an, títí ìyá náà fi ní kí n bá òun di kọ́kọ́rọ́ mú fún ọ̀sẹ̀ kan, òun fẹ́ lọ wo ọmọ òun. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ kan yẹn ló parí lónìí.

Ayé ìgbà náà! Kò sí fóònù lápò ẹnì kankan. Tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì bàbá pọ́tà, bó bá ti dún, bàbá á bọ́ sí àárín ọgbà, á ké orúkọ ọmọ náà sókè, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ìyá lágbájá ló ń pè. Ọmọ tó bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ á fi bàtà kan sílẹ̀ lójú àtẹ̀gùn. Mo ṣì ń gbóòórùn ìda tí a fi ń kun ilẹ̀ kọ́rídọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo ṣì ń rí aṣọ tútù tí wọ́n sá sórí irin ìfọwọ́tì, bí mo tilẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má sá a síbẹ̀. Àwọn tó ń kọrin nílé ìwẹ̀ ńkọ́? Ohùn kò dára, ṣùgbọ́n inú wọn dùn. Mo máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí n máa bá wọn mi orí, kí n tó wá pariwo pé omi ń ṣòfò.

Nínú ayé dídùn yẹn ni ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ jáde, ó gbé e mọ́ àyà gun àtẹ̀gùn bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Gbogbo ọmọ tú jáde sórí kọ́rídọ̀ òkè, wọ́n ń wò. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti tó lọ́kọ o, tó yege ìdánwò ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Nígbà tí bàbá gbé e jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀, òógùn bò ó, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ọmọ náà kí mi pé, "Mọ̀mí, ẹ kú ilé." Ó wá bi mí pé, "Ta ló máa gbé mi lọ́la?"

A ti fún un ní yàrá, a ti fún un ní bẹ́ẹ̀dì, a rò pé a ti ṣe tán.

Ọmọ yẹn ló sọ ara rẹ̀ ní Dẹ́rẹ́bà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀ẹ kàn máa gbọ́ ni lójú kọ́rídọ̀ pé, "Ẹ yà lọ́nà o! Dẹ́rẹ́bà ń bọ̀, bíréèkì ò dára!" Gbogbo wọn á fara mọ́ ògiri, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tó ń bọ̀ láti yàrá ìkàwé, àánú ṣe mí, mo gba àga rẹ̀ lẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. N kò bi í. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ ṣé. Ṣé kí èmi náà gbé yín bí mo bá rí yín lọ́nà?" Ojú tì mí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo kọ́ láti máa béèrè kí n tó fọwọ́ kan àga ẹni.

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀, ẹnjiníà wà níbẹ̀, èmi aránṣọ náà wà níbẹ̀. A tún yàrá ìsàlẹ̀ ṣe fún un, ó dán gbinrin. A kan pẹpẹ ìwé mọ́ ògiri, ó ga. A gbé dígí kọ́, òun náà ga, tí Dẹ́rẹ́bà bá wò ó, àjà ilé ló ń rí. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Dẹ́rẹ́bà wọlé, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Yàrá yìí dára o. Nígbà wo ni ẹni tó ni ín máa dé?"

Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ má tijú. Ọkùnrin yìí ni kò bínú sí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó fi yí gbogbo yàrá ká. Ó fi orúnkún gbá tábìlì, ó pariwo! Ó gbìyànjú láti wọ ilé ìwẹ̀, ó há sẹ́nu ọ̀nà, èmi àti bàbá pọ́tà la fà á jáde. Nígbà tó dìde, ó tú gbogbo ohun tó ti kàn palẹ̀, ó tún un kàn. Òun náà ló ṣe Gẹ̀rẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, Gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́ kò ṣeé fojú rí. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ gan-an á fi gbàdúrà kó tó gùn ún. Ẹ má fojú bẹ́ẹ̀ wò mí, Ọ̀gá Káfíńtà, òtítọ́ ni mò ń sọ. Ó wó o, ó fà á gùn títí ọ̀nà náà fi ń rọra gòkè bí ilẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ń gòkè.

Ọjọ́ tí a ṣí i, a yàwòrán, a gé rìbọ́ọ̀nù, ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà, nítorí kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe irú rẹ̀ àfi ìgbìmọ̀. Òfin ilé wà nígbà náà pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ti iwájú, ni kó máa wà ní ṣíṣí ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo àlejò lọ tán, a ti ilẹ̀kùn tó wà lórí Gẹ̀rẹ́. A sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn tábìlì bàbá pọ́tà. Níbo ni tábìlì bàbá pọ́tà wà? Òkè àtẹ̀gùn iwájú! Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ni kó gun àtẹ̀gùn lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà tí a ṣe nítorí pé kò lè gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rí i? Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó rí i. A lọ sílé, a sùn, inú wa dùn sí ara wa.

Òjò ló là wá lójú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò dé lójijì, ó ń lu páánù gbọ̀ọ́gbọ̀ọ́, gbogbo àwọn ọmọ wà lókè níwájú tẹlifíṣọ̀n. Dẹ́rẹ́bà ti gun Gẹ̀rẹ́, ó ti kanlẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tó gbọ́. Ìgbà tí bàbá pọ́tà ń ti fèrèsé kiri ló gbọ́ tí ẹnì kan ń kọrin lóde. Ó pè mí, a ṣílẹ̀kùn. Omi ń jò nírun rẹ̀, ìwé rẹ̀ ti di ẹ̀kọ tútù lórí itan rẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ̀mí, ọ̀nà yín dára púpọ̀. Ó gbé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn."

Mo fi aṣọ gbá a mọ́ra, èmi àti ẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé yàrá mi, mo sunkún.

Ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gá Káfíńtà lọ gé kọ́kọ́rọ́ yìí, mo sì kó o lé Dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ kùn, mo ní kí wọ́n kùn dáadáa. Mo ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ má fi ti iwájú há wa mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni kọ́kọ́rọ́ yìí ti di ohun tí ẹni tó ń lọ ń fi lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí Dẹ́rẹ́bà ń lọ, ó fi lé ọmọkùnrin kan tí kò ríran lọ́wọ́, èyí tó ń fi ìró ẹsẹ̀ mọ gbogbo wa. Òun náà ló sọ fún mi kí dókítà tó sọ pé orúnkún mi ti ń bàjẹ́! Òun fi lé ẹnì kan tó ń fi igi méjì rìn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ó fi dé ọwọ́ Jẹ́jẹ́.

Ohun kan wà nípa ilẹ̀kùn yẹn. Ó máa ń han. Bí ẹ bá ṣí i, ó ń ké bí ológbò tí a tẹ̀ ní ìrù. Ọ̀gá Káfíńtà gbé òróró wá, mo ní tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ á jọ dé ọ́fíìsì. Yàrá mi ló wà lẹ́yìn ògiri náà. Bí ó bá ti han báyìí, mo mọ̀ pé ọmọ mi ti wọlé. Ọdún tí ọkọ mi kú, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ bí ó ṣe rí. Ilé dá, àga rẹ̀ ń wò mí, mi ò lè jẹun, mi ò lè rán nǹkan kan. Mo máa ń jókòó sínú òkùnkùn kí n máa dúró de ìró ilẹ̀kùn yẹn. Ó bá han. Màá sì dìde, màá tanná, màá gbé omi tíì kaná, nítorí ọmọ kan ti dé, òùngbẹ sì lè máa gbẹ ẹ́. Àwọn tó ń sọ pé mo ṣe àánú àwọn akàndá ẹ̀dá, ẹ kò mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ṣàánú mi.

Láti ọjọ́ tí mo ti gba kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà kò fi han ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ náà máa ń lọ dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn iwájú, á fi fóònù pe bàbá pọ́tà, bàbá á wá rọra yí ilé ká wá ṣílẹ̀kùn fún un. Bàbá kò ráhùn o. Bàbá wa, ẹ ṣé, Ọlọ́run á fún yín ní ìsinmi tó dùn. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ń tijú láti dà yín láàmú. Ó ti pa kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tì. Mo bi í léèrè, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má ṣèyọnu. Mo kàn ń tètè wọlé báyìí ni." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níta, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ìjà. Òun ti wà nínú ilé bí adìyẹ tí a dé mọ́ abẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́. Iwájú ni olè yẹn gbà wọlé! Ó tilẹ̀ kí bàbá pọ́tà, ó ní ẹ kú iṣẹ́, bàbá dá a lóhùn. Olè gba iwájú, a wá lọ ti ẹ̀gbẹ́. Ta ló ṣẹ̀, ta ni à ń fìyà jẹ? Ẹ gbé iná sí Gẹ̀rẹ́, ẹ fi àgádágodo tó le sí yàrá àwọn ọmọ, màá bá yín dá owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ilé di ibi tí ọmọ onílé ń tọrọ àyè kó tó wọ̀.

Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀, ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ fún mi ní orúkọ rere tí wọ́n ń pè mọ́ mi lórí. Ẹ̀yin ọmọ tí mo pa iná mọ́ lórí nígbà tí ẹ ń kàwé, ẹ̀yin tí mo pè ní ọ̀lẹ láìmọ̀ pé ara yín kò yá, ẹ foríjì mí. Ẹnu mi gbóná, ó sì máa ń yá mi lára láti pariwo. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọkọ mi tó lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló máa ń sọ pé, "Lọ bá àwọn ọmọ rẹ, èmi á se oúnjẹ." Oúnjẹ rẹ̀ kò dùn rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ó yá, Alága wa, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Mo bẹ̀ yín níwájú gbogbo èèyàn. Ta ni kí n fún ní kọ́kọ́rọ́ yìí?

Ẹ máa rò ó, sà. Mi ò kánjú, ìsinmi ni mò ń lọ.

Ẹ fi máìkì fún wọn. Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ, àwọn tó wà lójú fèrèsé kò gbọ́.

Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ní, "Ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Èmi á ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀." Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Alága wa! Ilé yín ò ní dá, ọ̀nà ò ní dí mọ́ yín, ìgbà tí ẹ̀yin náà bá ń lọ, wọ́n á fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ sí i.

Jẹ́jẹ́, ọmọ mi, máa bọ̀ wá gbà á. Ẹ jókòó, ẹ jókòó! Kí lẹ ń dìde sí? Ó ní kí ẹnikẹ́ni ti òun ni? Ẹ sún àga yìí díẹ̀, kó ráyè kọjá. Ó tó. Gbà á, ìyá mi. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá ń lọ, o mọ ohun tí o máa ṣe. Bá mi lọ ṣí i wò, kó má lọ jẹ́ pé ó ti dógùn-ún.

Kó tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, ẹ ó ṣe é yọrí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́, agbára yín kò ní tán kí iṣẹ́ tó tán. Ẹ̀yin òbí, ibi tí ọmọ yín bá dé, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí kò ní mú yín kí ẹ tó dàgbà, nígbà tó bá sì mú yín, ẹ ó bá Gẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo gbà wọlé lónìí. Ẹ ó pẹ́, ẹ ó sì máa rántí mi sí rere.

Ó ti débẹ̀. Ẹ dákẹ́ ná. Ìwọ tó ń jẹ bisikíìtì, dákẹ́.

Ó han! Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Ọmọ mi ti wọlé. Mo lè máa lọ wàyí. Ẹ ṣé o.